Ṣé Ẹ Mọ̀? Ọ̀nà Ẹṣin Tó Di Ọ̀nà Asáré ní Lọ́ńdọ̀nù

Ṣé ẹ mọ̀ pé láàárín gbùngbùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń sáré wẹ́rẹ́, tí kò tilẹ̀ tíì làágùn, lè fi ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sẹ́yìn? Òfin ló so ọkọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Lórí Regent's Canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ gba inú ìlú kọjá, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 6.4 ní wákàtí kan lọ. Ìgbì tí eré bá dá sílẹ̀ máa ń jẹ etí odò, ilẹ̀ á sì máa ya wọ inú omi. Ìyá tó ń sáré lọ bá ọjà kó tó tú lè kọjá lára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tún ráyè kí awakọ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe torí ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù ni wọ́n ṣe la ọ̀nà tó wà létí omi náà? Ẹṣin ló ni ín. Ọdún 1812 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànáàlì yìí. Ní 1816, ó ti dé Camden láti Paddington. Ní 1820, ó já sínú odò Thames ní Limehouse. Gígùn rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 14. Orúkọ Prince Regent ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ ọba tó ń dè ààfin fún bàbá rẹ̀ George Kẹta nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀. Láyé ìgbà náà, títì kò dára, rélùwéè kò sì tíì dé. Ẹṣin kan ṣoṣo tó ń rìn jẹ́jẹ́ létí odò, tí okùn so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lè fa ẹrù 30 tọ́ọ̀nù, torí omi ló ń gbé ìwúwo ẹrù náà. Ẹ gbé ìdá mẹ́wàá ẹrù yẹn lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin lórí títì oníkòtò, kí ẹ wò ó bóyá ẹṣin kan náà á lè fà á.

Owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ náà ní ìtàn tirẹ̀. Thomas Homer, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, tún ni wọ́n fi ṣe alámòójútó. Ní 1815, àṣírí tú pé ó ti ń kó owó ilé iṣẹ́ náà jẹ. Àwa tí a máa ń rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni owó iṣẹ́ òde ti ń wọ àpò ẹnìkan, ẹ jẹ́ ká mí kanlẹ̀ díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní Little Venice, lẹ́bàá Paddington, tó sì kọjú sí ìlà oòrùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ìsàlẹ̀ lòun ń lọ títí dé Limehouse? Ilẹ̀ ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 26 rẹlẹ̀ láti òkè dé odò Thames. Omi kì í dúró sójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà wọ́n pín ìrẹ̀sílẹ̀ náà sí ọ̀nà 12, wọ́n sì kọ́ yàrá omi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ á wọ inú yàrá olókùúta yìí, wọn á ti ilẹ̀kùn igi ńlá mọ́ ọn lẹ́yìn, wọn á wá máa jẹ́ kí omi ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi bá omi ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ìgbà náà ni wọn á ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Asáré tó bá dé ibẹ̀ á kàn rí i pé ọ̀nà dà díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, kó tó tún tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn ìyà gbéra láti Limehouse.

Bí ẹ bá dé abẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn afárá àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà yìí, ẹ dúró, kí ẹ fọwọ́ kan irin igun rẹ̀. Ẹ lè bá ojú ibi tó jìn wọlé gbọọrọ, bíi pé ẹnìkan fi ayùn rẹ́ irin náà. Okùn ló ṣe é. Okùn tó rin fún omi, tí yanrìn sì ti lẹ̀ mọ́ lára, ló ń ha irin náà ní gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá kọjá, lójoojúmọ́, fún ọdún tó lé ní 100. Nítòsí Camden, ẹ tún lè rí ibi tí ògiri etí odò ti yà, tí ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ wọ inú omi. Ẹṣin ni wọ́n ṣe ìyẹn fún pẹ̀lú. Nígbà tí rélùwéè dé, ariwo rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin, wọ́n á sì já sódò. Ojú gẹ̀rẹ́ yìí ni wọ́n ń gbà gòkè padà.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti afárá Macclesfield, létí ọgbà Regent's Park. Ní ìdájí ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 1874, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ń lọ lórí kànáàlì náà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Tilbury. Ṣúgà àti ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, epo bẹntiróò náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 ẹ̀tù ìbọn. Ta ló di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ papọ̀? Bí ọkọ̀ náà ṣe dé abẹ́ afárá gẹ́lẹ́ ló gbaná. Àwọn 3 tó wà nínú rẹ̀ kú, afárá di àwátì, gíláàsì fèrèsé fọ́ káàkiri àdúgbò. Nítorí pé ilẹ̀ ga ju kànáàlì lọ lọ́tùn-ún lósì níbẹ̀, ara ilẹ̀ ló gba púpọ̀ nínú agbára ìbúgbàù náà; ká ní orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ti ṣẹlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn òpó irin afárá náà kò bàjẹ́. Coalbrookdale ni wọ́n ti rọ wọ́n, orúkọ ìlú náà sì wà lára wọn títí dòní. Nígbà tí wọ́n máa tún afárá kọ́, àwọn òpó yìí kan náà ni wọ́n nà ró, àmọ́ wọ́n yí wọn padà: ẹ̀gbẹ́ tí okùn ti jẹ kọjú síbòmíràn, ẹ̀gbẹ́ tó ń dán kọjú sí ọ̀nà ẹṣin. Ẹṣin tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, okùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ojú okùn fi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpó náà, ọ̀kan ṣáájú ìbúgbàù, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń sáré kọjá lára wọn láìwò wọ́n.

Ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣí ní 1828, wà lápá méjèèjì kànáàlì. Ilé ẹyẹ ni wọ́n kọ́ ilé ńlá onírin tó ṣóńṣó sókè létí omi fún ní àwọn ọdún 1960. Láti 2022, ẹdun ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn ọ̀bọ dúdú onírù funfun tí kì í fẹ́ kúrò lórí igi. Ọmọ Yorùbá tó bí ìbejì kò nílò kí n sọ ìdí tí ó fi yẹ kó dẹ ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti wò wọ́n láti ojú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹdun ló máa pinnu bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ rí àwọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé iná mànàmáná alágbára ńlá ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ asáré kọjá? Láti 1979 ni wáyà oní-400,000 fóòtì ti wà lábẹ́ ọ̀nà ẹṣin àtijọ́ náà, láti St John's Wood dé City Road. Wáyà irú bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná gan-an, omi kànáàlì ni wọ́n sì ń fà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti mú un tutù. Omi tí wọ́n tìtorí ọkọ̀ ẹlẹ́rù dà síbẹ̀ ní 200 ọdún sẹ́yìn ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, iná ìlú sì wà lára iṣẹ́ náà.

Ní Islington, ọ̀nà á parí mọ́ yín lójú. Kànáàlì wọ abẹ́ òkè, ó gba inú ihò tó gùn tó mítà 878, kò sì sí ojú ọ̀nà kankan nínú rẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ẹ ó gòkè, ẹ ó gba inú ọjà Chapel Market kọjá, láàárín àwọn tó ń ta èso àti aṣọ, kí ẹ tó tún padà bá omi ní òdìkejì. Ọ̀nà tí ẹṣin náà gbà nìyẹn: wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á fà á gba orí òkè. Ọkọ̀ ńkọ́? Àwọn ọkùnrin á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí ara ògiri ihò, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lára ògiri nínú òkùnkùn títí ọkọ̀ á fi jáde. Ní 1826 ni ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi gbígbóná dé sínú ihò náà, tó ń fa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó wà ní Islington lọ́dún 1826 yẹn? Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tó sì di Samuel Ajayi Crowther ní Sàró. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Islington ló lọ ní ọdún náà. Ó tún padà sí Islington ní 1842, sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ti CMS, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ọkùnrin tó wá túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa gbé ní àdúgbò yìí nígbà tí ẹṣin ṣì ń gòkè kọjá, tí ọkọ̀ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀.

Kí ẹ tó gòkè yẹn, ẹ ó ti kọjá King's Cross. Musíọ̀mù kànáàlì wà níbẹ̀, nínú ilé tí Carlo Gatti, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, kọ́ ní nǹkan bí 1862 láti fi tọ́jú yìnyín. Ibo ló ti rí yìnyín? Láti orí adágún omi ilẹ̀ Norway ni! Wọ́n á gé e, wọ́n á fi ọkọ̀ òkun gbé e dé Limehouse, ọkọ̀ kànáàlì á gbé e dé King's Cross, wọ́n á wá kó o sínú kànga jíjìn méjì. Lára iṣẹ́ Gatti yìí ni áísìkiriimù ti di ohun tí tálákà lè rà ní pẹ́ní kan. Àwọn kànga náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè pé Peckham ńkọ́. Ó ní tirẹ̀, àmọ́ kò lómi. Kànáàlì kan wà ní gúúsù Thames tí wọ́n ń pè ní Grand Surrey Canal. Ẹ̀ka rẹ̀ dé Peckham ní 1826, igi pákó sì ni púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ èbúté kú, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì dí i ní àwọn ọdún 1970. Ojú ibi tí omi náà gbà ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ báyìí, láti ọgbà Burgess Park dé iwájú ilé ìkàwé Peckham, èyí tó gba ẹ̀bùn Stirling fún ilé tó dára jù ní 2000. Bí ẹ bá ń ṣe kàyééfì ìdí tí ọ̀nà náà fi tọ́ gbọnrangandan, tí kò sì ní òkè kankan, omi ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹ. Nínú Burgess Park, afárá kan ṣì dúró lórí koríko, kò sí odò lábẹ́ rẹ̀, kò sí títì lórí rẹ̀. Ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá létí ọ̀nà yìí ju ibikíbi mìíràn tí mo ti dárúkọ lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí ẹ dé Rye Lane, níbi tí iṣu àti ata rodo ti wà níta.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Thames fúnra rẹ̀. Odò yìí a máa ṣàn lọ, a sì máa ṣàn bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, torí òkun ń tì í láti ìsàlẹ̀ títí dé Teddington. Láàárín ìlú, ìyàtọ̀ omi kíkún àti omi fífà lè tó mítà 7. Ní Putney àti Chiswick, omi a máa gòkè bo ọ̀nà asáré pátápátá nígbà tí ìkún rẹ̀ bá lágbára. Àlejò tó gbé mọ́tò síbẹ̀ lè padà wá bá a nínú omi títí dé ilẹ̀kùn. Ará àdúgbò á kàn mi orí ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òórùn ló kọ́ ọ̀nà etí odò tó rẹwà jù nínú Lọ́ńdọ̀nù? Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858, ìdọ̀tí gbogbo ìlú ló wà nínú Thames, oòrùn sì mú, òórùn náà sì le débi pé àwọn aṣòfin fi kẹ́míkà rin aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí ó kan imú wọn, owó jáde wéréwéré. Joseph Bazalgette ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ó kọ́ ògiri sínú odò, ó fi ilẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ọ̀nà ìdọ̀tí ńlá sínú ilẹ̀ náà, wọ́n wá la títì sórí rẹ̀. Victoria Embankment nìyẹn, ọdún 1870 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó ń sáré níbẹ̀ lónìí, tó ń mí afẹ́fẹ́ sínú, orí ìgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù àti orí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ló ń sá lọ.

Létí ọ̀nà yẹn kan náà ni òpó òkúta kan wà, tó ga tó mítà 21, tó dàgbà ju Lọ́ńdọ̀nù lọ fíìfíì. Cleopatra's Needle ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ Cleopatra kọ́ ló ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Fáráò Thutmose Kẹta ló ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní Íjíbítì, ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn. Ìjì jà nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ lójú òkun, atukọ̀ 6 sì bá a lọ; 1878 ni wọ́n tó nà án ró. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ri oríṣiríṣi nǹkan mọ́ fún àwọn ará ọjọ́ iwájú: Bíbélì, ìwé ìrìnnà rélùwéè, àti fọ́tò àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì 12 tí wọ́n kà sí arẹwà jù. Ta ló yan àwọn 12 náà, ìjà wo ló sì tẹ̀ lé e nílé? Mo fẹ́ mọ̀.

Síwájú sí i lápá ìlà oòrùn, ẹ lè sáré gba abẹ́ Thames kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ihò ẹlẹ́sẹ̀ Greenwich gùn tó mítà 370, wọ́n ṣí i ní 1902 kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé gúúsù lè máa rìn lọ síbi iṣẹ́ wọn ní èbúté. Wọn kò gba kẹ̀kẹ́ gígùn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni. Ní òdìkejì ni West India Docks wà, èyí tó ṣí ní 1802, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ṣúgà láti erékùṣù Káríbíánì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbin ìrèké rẹ̀. Wọ́n ti gbé ère Robert Milligan, oníṣòwò tó ní ẹrú tó sì wà lára àwọn tó dá èbúté náà sílẹ̀, kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2020. Ilé báńkì gíga ló pọ̀ níbẹ̀ báyìí, Máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù sì ń gba àárín wọn kọjá lọ́dọọdún.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀tù gbé afárá Macclesfield lọ: ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, 1874. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, 2004, ọdún 130 géérégé lẹ́yìn rẹ̀, asáré 13 péjọ sí Bushy Park, nítòsí Thames ní Teddington. Nínú ọgbà yẹn náà, odò àfọwọ́gbẹ́ kan wà, Longford River, tí Ọba Charles Kìíní ní kí wọ́n gbẹ́ ní 1639 kí omi lè dé ààfin rẹ̀ ní Hampton Court. Paul Sinton-Hewitt ló pe àwọn 13 náà jọ láti sá kìlómítà 5. Ibẹ̀ ni parkrun ti bẹ̀rẹ̀, tó ti wá tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ báyìí.

Ọ̀kan wà ní Burgess Park, níbi tí kànáàlì Peckham gbà tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbéra. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò lè sáré, kó rìn, wọn ò ní lé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ ti Putney, kó wo àkókò ìkún omi kó tó wọ bàtà.